Òrí Àpòpọ̀ Tí O Ní Kí N Kọ́ Ọ

Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Sùlé, mo sì kí ṣọ́ọ̀bù tuntun náà pẹ̀lú. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé òun fúnra òun ló gún èlùbọ́ tó wà nínú àpò yìí, kí o má lọ pín in tán fún aládùúgbò. Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ó ku tèmi.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, inú mi dùn débi pé mi ò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ń ṣàdúrà. Kẹ́mísì tìrẹ, ní Ganmo, létí títì, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí iwájú rẹ̀! Ta ló lè rò ó? Ìgbà tí mo wá dákẹ́ ni o sọ ohun tí o fẹ́. O ní àwọn ará ilé wa tó ń gbé Ganmo ṣì ń béèrè òrí Dókítà, òrí tí mo máa ń pò tà kí o tó gbọ́njú. O ní kí n kọ bí a ṣe ń pò ó ránṣẹ́ sí ọ, kí o lè kó o sórí pẹpẹ kí oṣù tuntun tó wọlé. Mo ní, "Ó dáa, màá kọ ọ́." Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́. Ó kàn wò mí ni, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí ò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Nítorí náà, tí o bá ti mú bírò dání, jọ̀wọ́, gbé e sílẹ̀. Mi ò ní kọ́ ọ bí a ṣe ń pò ó. Mi ò sì fẹ́ kí o pò ó láéláé. Ohun tí màá ṣe ni pé màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìdí náà sì wà lára rẹ, lókè ìgúnpá òsì rẹ. Àpá ńlá tó wà níbẹ̀, tí o fi ń wọ aṣọ alápá gígùn láti ìgbà tí o ti di ọmọge, mo sọ fún ọ pé o já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ mi ni, pé irin ló ya ọ́. Irọ́ ni. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀. Èmi ni.

Fara balẹ̀ o, kà á tán kí o tó pè mí. Mo mọ ìwọ àti fóònù.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ nínú kẹ́mísì rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọdún mẹ́ta ló yẹ kí n lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lo méjì, nítorí mo ti gbọ́n jù. Mo ti mọ orúkọ oògùn, mo ti mọ àwọ̀ rẹ̀, mo ti mọ bí a ṣe ń kà á sínú ìwé pélébé ká sì ká a. Kí ló tún kù? Mo di ẹrù mi, mo wá sílé, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fún mi sọ irú oògùn tí mo lè tà: ti orí fífọ́, ti inú rírun, òwú, báńdéèjì. Kápúsù apakòkòrò, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ańtíbáótíìkì, kò sí nínú rẹ̀. Mo ka ìwé náà dáadáa. Mo gbé e kọ́ ara ògiri, mo sì ń ta kápúsù lábẹ́ rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò. Àgbẹ̀ á fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko, á dé, á ní, "Dókítà, ẹ fún mi ní méjì." Á gbé ọ̀kan mì, á ya èkejì, á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Méjì náà ni, wọn kì í rà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi gan-an ni mo wá sọ ọ́ di orin. Mo máa ń kígbe rẹ̀ tí mo bá ń na oògùn sí wọn: "Ọ̀kan fún inú, ọ̀kan fún ojú egbò!" Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Inú mi sì ń dùn sí i.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá láti Ìjàrà-Ìsin. Egbò wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń sán, ìyẹ̀fun kápúsù ò dúró níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí mi ò fi ní pò ó mọ́ òrí? Ìyá kan wà tó ń kó òrí wá láti ìhà Share, Ìyá Rábì. Òrí rẹ̀ mọ́, ó funfun, kì í rùn. Mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo pò ó mọ́ kápúsù, mo fún obìnrin Ìjàrà yẹn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá pẹ̀lú iṣu lórí, ó sì mú aládùúgbò mẹ́ta dání. Egbò ti jiná. Bóyá ì bá jiná bẹ́ẹ̀ náà ni o, ta ló mọ̀? Ojoojúmọ́ ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí mo ní kó máa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọṣẹ.

Bí òrí Dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń rọ ọ́ sínú agolo kékeré, ó ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìròrẹ́ bò lójú ń wọkọ̀ láti Òrò wá rà á. Ìyá ọlọ́mọ tí ooru mú kí ara ọmọ rẹ̀ su ń rà á. Ẹni tó ní làpálàpá, ẹni tó ní kúrúnà, ẹni tí ẹ̀fọn kàn jẹ lásán, gbogbo wọn ń rà á. Ohun yòówù tó bá yọ sí awọ ara, òrí Dókítà ni. Èmi tí mi ò kọ́ṣẹ́ parí! Wọ́n ń pè mí ní Dókítà, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ó burú débi pé tí ẹnì kan bá pè mí ní Yínúsà, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. "Dókítà, èyí tí mo rà kẹ́yìn yìí ò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ o." Mo fi kún kápúsù. Ó ṣe díẹ̀, ó tún dẹ́kun. Mo tún fi kún un. Dípò kí n jókòó kí n rò ó, Ìyá Rábì ni mo gbógun tì. Mo ní ó ti ń da àdín mọ́ òrí. Mo pariwo lé e lórí níwájú ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀. Obìnrin náà ò bá mi jà. Ó ki ìka bọ inú igbá rẹ̀, ó fi òrí náà pa ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Òrí mi ò yí padà, Dókítà. Ẹ wo ohun tí ẹ ń dà sí i." Ó gbé igbá rẹ̀ rù, kò sì wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo lọ wá ẹlòmíràn tó ń ta òrí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà. Oówo kékeré kan yọ sí ọ lókè ìgúnpá, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Oówo, lára ọmọ Dókítà! Mo fi òrí sí i, mo sì ya kápúsù sínú ẹ̀kọ fún ọ, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, bí mo bá ṣe rántí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti tó ẹyin adìyẹ. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù." Mo ní kó ní sùúrù. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ ń jó bí iná, o ò lè gbé apá náà sókè, pupa kan sì ń rìn bọ̀ láti orí oówo lọ sí abíyá rẹ. Ìyá rẹ tún sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí bàbá rẹ fi dáhùn? Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Kí ni àwọn èèyàn máa wí, tí wọ́n bá rí Dókítà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá dókítà?"

Ìyá rẹ pọ̀n ọ́, ó so ọ̀já, ó sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lọ sí títì. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yá ju ibẹ̀ lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn oníbàárà tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, gbogbo wọn ló rí i. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sáré tẹ̀lé e.

Dókítà tó gbà ọ́ wọlé kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó bi wá léèrè ohun tí a ti lò sí i. Mo sọ díẹ̀. Ìyá rẹ sọ ìyókù. Wọ́n la oówo náà, wọ́n sì gba lára ọyún rẹ̀ lọ sí láàbù láti fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde, dókítà náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá sì sàn kó pariwo. Ó ní kòkòrò tó wà lára ọmọ yìí, kápúsù yín ò ràn án mọ́ rárá. Mo ní, báwo? Ó ní tí oògùn bá kéré, tí a sì ń lò ó ségesège, àwọn kòkòrò tí kò lágbára ló ń kú. Àwọn tó lè fara dà á á ṣẹ́kù, àwọn ni wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á sì máa ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, nípa ọwọ́, nípa aṣọ, nípa tówẹ̀lì. Ó wá ní, "Bàbá, ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti ń ta ìpara yìí ládùúgbò yín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn ka ilé tí agolo òrí mi wà, mo kà á lọ, mo kà á bọ̀, mo sì dé ilé tiwa.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò ní apá rẹ. Ó dọ́jọ́ kan, dókítà náà ní tí abẹ́rẹ́ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò bá ràn án, àfi kí àwọn gé apá náà kí àìsàn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mo jáde síta. Ẹ̀rù bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Mo rò pé mo ti pa ọmọ mi.

Àlíámúdù, abẹ́rẹ́ náà ràn án.

Nígbà tí o gbọ́njú díẹ̀ tí o bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣe ọ́ lápá, mo ní kẹ̀kẹ́ ni. O gbà á gbọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o ń sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ yẹn fún Sùlé, tí o ń rẹ́rìn-ín, tí o ń ní "Bàbá mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn rárá." Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ìyá rẹ ti sọ fún mi tipẹ́ pé òun ò ní tú àṣírí mi, ṣùgbọ́n òun ò ní bá mi parọ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dìde kúrò níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Má sì rò pé mo yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo jáwọ́ nínú òrí, lóòótọ́. Mo purọ́ fún àwọn oníbàárà pé mi ò rí òrí gidi rà mọ́. Ṣùgbọ́n kápúsù méjì-méjì, mo tún tà á fún bí ọdún kan sí i. Tí mo bá nawọ́ sí i, apá rẹ ni mò ń rí, mo sì ń nawọ́ náà ni. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ọ níwájú ilé. O to òkúta wẹ́wẹ́ sórí páálí, ò ń ṣeré oníkẹ́mísì. O na òkúta méjì sí ọmọláńgidi rẹ, o sì ní, "Ọ̀kan fún inú, ọ̀kan fún ojú egbò!" Ohùn mi gan-an lo fi sọ ọ́. Apá tí o fi nà á, báńdéèjì ṣì wà lára rẹ̀, nítorí ojú ibẹ̀ ṣì máa ń là. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo kó gbogbo kápúsù tó wà níbẹ̀ lé àwọn ará ọsibítù lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá mi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò tà á mọ́.

Ó dáa. Mo ti jẹ́wọ́. Jẹ́ kí n wá ṣe bàbá díẹ̀.

Àkọ́kọ́, má ta kápúsù apakòkòrò méjì fún ẹnikẹ́ni. Má ta mẹ́rin, má ta mẹ́wàá. Ẹni tí egbò tàbí oówo bá ń dà láàmú, jẹ́ kó lọ rí àwọn tó yẹ kó rí. Tí wọ́n bá sì kọ oògùn náà fún un, sọ fún un pé kó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, títí dé ọjọ́ tí wọ́n dá, kó má tọ́jú ìyókù de àbúrò rẹ̀. Wọ́n máa bínú sí ọ o. Wọ́n á ní, "Kí ni ìwọ ọmọdé yìí mọ̀? Bàbá ẹ gan-an ló ń tà á fún wa." Kí o sọ fún wọn pé, "Bàbá mi náà ló ní kí n má tà á." Àwọn mìíràn á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ìkejì, wo awọ ara dáadáa kí o tó lanu sọ̀rọ̀, kí o sì mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ dé. O kọ́ ọ ní ilé-ìwé ìlera, èmi ò kọ́ ọ, nítorí náà o mọ̀ jù mí lọ. Síbẹ̀ màá sọ ọ́. Làpálàpá kì í ṣe ohun tí kápúsù ń wò, oògùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kúrúnà, kòkòrò kékeré tó ń gbẹ́ inú awọ ni, gbogbo ará ilé ló sì máa gbàtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru tó ń su lára ọmọdé, afẹ́fẹ́ àti omi tútù ló fẹ́. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni mo fi òrí apakòkòrò pa fún ọdún gbọọrọ. Mi ò wo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sàn, àwọn kòkòrò mìíràn tó wà lára wọn jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo ń kọ́ ní ìjà.

Ti ìròrẹ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ló máa yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ọmọbìnrin tó ní ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á fẹ́ kí ojú òun dán lọ́la. Bá a ṣàwàdà, bá a sọ̀rọ̀ ọṣẹ tí kò le, sọ fún un pé kó yé tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìpara kan wà fún ìròrẹ́ tí kì í ṣe apakòkòrò, o mọ̀ wọ́n. Èyí tó bá le nínú rẹ̀, dókítà awọ ara ló ni ín. Dókítà lè fún un ní apakòkòrò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó níye ọjọ́, ó sì máa ń fi nǹkan mìíràn tì í.

Oówo: aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fọwọ́. Tí ara bá gbóná, tàbí tí pupa bá ń tàn kálẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́. Má sọ fún ìyá kankan pé kó ní sùúrù.

Má sì wá tìtorí ọ̀rọ̀ mi máa dẹ́rù ba àwọn èèyàn pé oògùn apakòkòrò burú. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí Ọlọ́run fi dá apá rẹ sí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. A ń fi nǹkan tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ ikú pa ojú tí kò dán.

Tí o bá fẹ́ ta òrí, ta òrí. Lásán. Mo ti lọ bẹ Ìyá Rábì. Ó pẹ́ kí n tó lọ, ojú ló ń tì mí. Ó ti darúgbó, kò kiri mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Ìyá, òrí yín ò yí padà." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ohun tí mò ń dà sí i nìyẹn? Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é báyìí. Igbá kan wà lábẹ́ èlùbọ́ nínú àpò yìí, òrí wọn ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dáa fún awọ gbígbẹ nígbà ọyẹ́. Kí ohun tí o máa sọ nípa rẹ̀ má kọjá ìyẹn.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n máa pè ọ́ ní Dókítà. Láàárín oṣù kan péré, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Ó dùn létí, mi ò ní tàn ọ́. Kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fẹ̀rín kọ̀ ọ́, sọ orúkọ rẹ fún wọn. Tí o bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tó yẹ kí o sọ pé "Mi ò mọ èyí" máa le fún ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Tèmi le débi pé ìyá rẹ ló gbé ọ kọjá níwájú mi.

Mo ka lẹ́tà yìí sí ìyá rẹ létí kí n tó dì í. Ó lọ gbé oúnjẹ mi wá bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n lónìí ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán.

O lè bínú. O lè má pè mí fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Sọ òtítọ́ fún Sùlé, má jẹ́ kó máa fi kẹ̀kẹ́ mi rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú báńdéèjì ìkẹyìn, mi ò tíì fojú kan apá rẹ yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ bá ń wẹ̀ ọ́, ṣe ni mo máa ń jáde. Nígbà tí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ alápá gígùn, mo dúpẹ́ lọ́kàn mi. Tí o bá wálé fún Iléyá, jókòó tì mí, ká apá aṣọ rẹ sókè, kí o sì jẹ́ kí n wò ó.

Èmi bàbá rẹ,
Yínúsà.